Ṣé Àìnígbàgbọ́ Ni Kí Obìnrin Fẹ́ Mọ Ohun Tó Wà Nínú Ọmú Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń sọ ní gbangba nínú ilé Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ọmú ni. Ṣùgbọ́n ọmú kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Òun ni a mu dàgbà, òun náà ni ọ̀pọ̀ wa sì fi tọ́ ọmọ. Bí nǹkan kan bá ń ṣe é, tí àwa obìnrin kò bá lè sọ ọ́ láàárín ara wa, níbo ni a ó ti wá sọ ọ́?

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: bí obìnrin onígbàgbọ́ bá fọwọ́ kan kókó nínú ọmú rẹ̀, tí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mọ ohun tí ó jẹ́, ṣé ó ti ṣiyèméjì sí agbára Ọlọ́run ni? Ṣé ó sàn kí ènìyàn mọ̀, tàbí kí ó má mọ̀?

A kò dédé bi ìbéèrè yìí. Gbèsè kan ni a jẹ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa ní agbègbè Ọwọ́dé Ẹ̀gbá níbí dúró lẹ́yìn ìpàdé, ó fa àwa mẹ́ta sẹ́yìn ilé ìsìn, ó sì sọ fún wa pé òun rí kókó kan nínú ọmú òsì òun nígbà tí òun ń wẹ̀. Ó ní kò dun òun, ṣùgbọ́n ó le bí èkùrọ́. Nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún un pé kí ó lọ ṣe skáànù, kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ó wá bi wá pé kí ni kí òun ṣe.

Ẹ gbọ́ èsì tí a fún un. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wa ní kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin kàn án, pé abẹ́rẹ́ ni í jí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú oorun. Ẹnìkejì ní kí ó má tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ẹnìkẹta ní Ọlọ́run tí ó dá ọmú mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ni a tún ń wá lọ́dọ̀ ènìyàn? Bẹ́ẹ̀ ni a dá ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún sílẹ̀. A gbà á tọkàntọkàn, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí wa. Nígbà tí ààwẹ̀ parí, a bi í léèrè bóyá kókó náà ti lọ. Ó wò wá lójú, ó ní, "A dúpẹ́." A sì ké Halelúyà.

Ó lé ní ọdún kan kí a tó mọ̀ pé ìdúpẹ́ yẹn kì í ṣe ìdáhùn sí ohun tí a bi í. Ojú ni ó tì í láti sọ fún wa pé kókó náà ṣì wà níbẹ̀, kí ó má baà dà bí ẹni pé òun ni ó ba àdúrà wa jẹ́. Nígbà tí ojú egbò fi ṣí, tí òórùn rẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́ mọ́, kò sí ohun tí àwọn dókítà tún lè ṣe ju pé kí wọ́n dín ìrora rẹ̀ kù lọ. A sin ín. A dá aṣọ ẹgbẹ́ fún ìsìnkú rẹ̀, a kọrin, a sì jẹun. Nígbà tí a jókòó ṣírò lẹ́yìn náà, a rí i pé owó tí a ná lórí aṣọ yẹn ju owó àyẹ̀wò tí nọ́ọ̀sì ní kí ó lọ ṣe lọ, ní ìlọ́po ìlọ́po.

A kò lè sọ pé bí ó bá ti tètè lọ ni, ìbá wà láàyè lónìí. Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan dá wa lójú: a gba àǹfààní àtimọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, a sì pè é ní ìgbàgbọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a sọ fún un yẹn, kí a yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ kìíní: Abẹ́rẹ́ ni í jí i.

A kò lè dá abẹ́rẹ́ lẹ́jọ́ láìmọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Láyé àtijọ́, bí dókítà bá fẹ́ mọ ohun tí kókó ọmú jẹ́, ọ̀bẹ ni yóò fi là á. Obìnrin yóò sùn sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, nígbà mìíràn kò ní mọ̀ kí ó tó sùn bóyá yóò jí pẹ̀lú ọmú méjì tàbí ẹyọ kan. Ní ọdún 1930, àwọn méjì kan ní Memorial Hospital ní ìlú New York, Hayes Martin àti Edward Ellis, kọ ọ́ sínú ìwé pé abẹ́rẹ́ lásán lè fa ìwọ̀n tí ó tó láti inú kókó fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ nìkan ni dókítà fi ń wá ọ̀nà nígbà náà. Abẹ́rẹ́ náà kò ríran. Bí kókó bá kéré, tàbí tí ó bá jìn sínú, abẹ́rẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ó mú ẹran tí ó dára wá, kí wọ́n sì fi irọ́ fi obìnrin náà lọ́kàn balẹ̀ láìmọ̀.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé a rí ẹ̀rọ tí ń fi inú ara hàn. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980, àwọn dókítà ní ilẹ̀ Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán X-ray darí abẹ́rẹ́ sí ibi tí kókó wà gan-an. Ní ọdún 1993, Steve Parker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ nípa bí a ṣe lè fi skáànù darí abẹ́rẹ́ tí ó ní ihò nínú, tí ó lè gé ẹran díẹ̀ jáde. Skáànù yìí ni èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ dáadáa. Òun ni wọ́n fi ń wo ọmọ nínú oyún. Kò ní ìtànṣán X-ray nínú rárá, ìró tí etí wa kò lè gbọ́ ni ó fi ń ya àwòrán.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan láti ọ̀nà Ìbàfò, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣe àyẹ̀wò yìí lẹ́yìn ikú arábìnrin wa tí a sọ yẹn. Méjì nínú wa bá a lọ, ó sì gbà wá láyè láti sọ bí ó ti rí, bí a kò bá ti dárúkọ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, wọ́n fi nǹkan tútù kan ra ọmú rẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ náà lé e. Kókó náà hàn lójú ẹ̀rọ bí òjìji kékeré. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí ń pa ojú ara kú. Ó ní ìyẹn ta díẹ̀, bí ìgbà tí kòkòrò bá ta ènìyàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ya awọ ara níwọ̀n tí kò ju hóró ìrẹsì Ọ̀fàdà lọ, wọ́n sì ti abẹ́rẹ́ onihò náà wọlé. Dókítà kò wo ọmú nígbà náà, ojú ẹ̀rọ ni ó ń wò, níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń hàn bí ó ti ń lọ bá kókó náà. Abẹ́rẹ́ náà dún "tàù!" bí ìgbà tí a bá tẹ ìdí bírò. Ìró yẹn ni ó dẹ́rù bà á ju ìrora lọ. Wọ́n ṣe é bí ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ohun tí ó sì ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan lọ. Wọ́n dì í, kò gba okùn ìránṣọ ara kankan, ó sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ojú ibẹ̀ dúdú fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí èsì dé, kókó náà kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó jẹ́ irú èyí tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́bìnrin, tí kì í pa ènìyàn. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí kò sùn dáadáa nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí kí gbogbo ilé gbọ́: ọ̀pọ̀lọpọ̀ kókó tí obìnrin ń rí nínú ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ. Omi ni òmíràn, wàrà tí ó dì ni òmíràn, oówo abẹ́lẹ̀ ni òmíràn lọ́dọ̀ ẹni tí ń tọ́mọ. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ kò lè fi gbogbo ara mọ èyí tí ó jẹ́ jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí èyí tí kì í ṣe é.

Ǹjẹ́ abẹ́rẹ́ ń tàn án ká? Àwọn dókítà náà ti bi ara wọn ní ìbéèrè yìí, wọ́n sì ti tọ ipasẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n rí i pé àwọn tí a fi abẹ́rẹ́ yẹ̀ wò kí a tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn kò tìtorí abẹ́rẹ́ náà kú ju àwọn tí a kò fi kàn lọ. Ibo wá ni àwọn ènìyàn wa ti rí ohun tí wọ́n ń sọ? Wọ́n rí i lóòótọ́ pé obìnrin kan lọ gba abẹ́rẹ́, kò sì pẹ́ tí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ó lọ? Ó lọ nígbà tí ó ti di ọdún méjì tí ó ti ń fi pamọ́, nígbà tí àrùn ti rìn dé egungun àti ẹ̀dọ̀. Bí a bá wá sọ pé abẹ́rẹ́ ni ó pa á, ó dà bí ìgbà tí a bá sọ pé àkùkọ ni ó mú ilẹ̀ mọ́ nítorí pé ó kọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì: Má pe orúkọ rẹ̀.

Àwa Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ní agbára, a kì í fi ẹnu wa pe ibi wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe nígbà tí ìgbóná ń jà: wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an, ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń wí. A kò bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí bí àrùn yẹn ṣe kúrò láyé. Àìpe orúkọ kọ́ ni ó lé e lọ. Nígbà tí ọdún 1966 ń parí lọ, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà wa yìí, dókítà kan tí ń jẹ́ William Foege àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tí ó ní àrùn náà kiri láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń béèrè, wọ́n ń dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń gún gbogbo ẹni tí ó yí aláìsàn ká lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ọdún 1970, Nàìjíríà rí aláìsàn ìgbóná ìkẹyìn. Ní ọdún 1980, wọ́n kéde pé ó ti kúrò ní gbogbo ayé. Àwọn tí ó wá a kàn, tí wọ́n sì pè é lórúkọ, ni Ọlọ́run lò.

Olúwa wa pàápàá kò bẹ̀rù orúkọ. Nínú ìwé Máàkù orí karùn-ún, nígbà tí ó pàdé ọkùnrin tí ń gbé inú ibojì, ó béèrè orúkọ lọ́wọ́ ohun tí ń da ọkùnrin náà láàmú. Nínú orí kan náà ni obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ ti wá sẹ́yìn rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ara obìnrin náà ti yá tán, ṣùgbọ́n Jésù kò jẹ́ kí ó fi ìtìjú pẹ́ kọ́rọ́ lọ. Ó dúró dè é títí ó fi jáde, tí ó sì sọ gbogbo òtítọ́. Lẹ́yìn náà ni ó pè é ní ọmọbìnrin.

Bẹ́ẹ̀ náà, orúkọ kókó ọmú ṣe pàtàkì, nítorí orúkọ ni yóò sọ ìtọ́jú. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ, oríṣiríṣi ni. Èyí kan wà tí omi ara tí ń mú obìnrin di obìnrin ni ó fi ń ṣe oúnjẹ. Oògùn oníhóró tí a ń gbé mì wà tí ó lè dí ọ̀nà oúnjẹ yẹn mọ́ ọn. Òmíràn ní àmì tirẹ̀ lára, ó sì ní oògùn tirẹ̀. Òmíràn kò ní ọ̀kankan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, èyí sì pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Ẹran kékeré tí abẹ́rẹ́ mú jáde yẹn, tí a gbé dé láàbù, ni a fi lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láìmọ orúkọ, ẹni tí ń ta ọfà sínú òkùnkùn ni wá.

Ọ̀rọ̀ kẹta: Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, kí ni a ń wá lọ́dọ̀ ènìyàn?

Èyí ni ó le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ó jọ ìgbàgbọ́. Ìwé Kíróníkà Kejì orí kẹrìndínlógún ni a fi ń tì í lẹ́yìn, níbi tí a ti bá Ásà ọba wí nítorí àrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà dáadáa. A kò bá a wí nítorí pé ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. A bá a wí nítorí pé kò wá Ọlọ́run rárá. Ẹ wo Hesekáyà ọba ní tirẹ̀: ó sunkún gbàdúrà, Ọlọ́run gbọ́, ó sì fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí ìdáhùn ti dé, wòlíì Aísáyà ṣì ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo náà. Àdúrà kò lé oògùn jáde, bẹ́ẹ̀ ni oògùn kò lé àdúrà jáde.

Àwa ọmọ Ìjọ Methodist sì ní ìdí mìíràn. John Wesley, baba wa nínú ìgbàgbọ́, ṣí ilé ìpín oògùn fún àwọn tálákà ní London ní ọdún 1746. Ní ọdún 1747, ó tẹ ìwé kan jáde tí ń jẹ́ Primitive Physic, ó sì kọ nípa jẹjẹrẹ ọmú nínú rẹ̀. Ìwẹ̀ omi tútù ni ó ní kí wọ́n máa lò fún un. Lónìí a mọ̀ pé omi tútù kì í wo jẹjẹrẹ. Wesley ṣe ohun tí ìmọ̀ ìgbà ayé rẹ̀ mọ. Kò ní ojú tí ó lè fi wo inú ọmú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò ka ìwádìí sí àìgbàgbọ́. Bí ó bá wà láyé lónìí, tí ó rí ẹ̀rọ tí ń fi inú ara hàn, ǹjẹ́ a rò pé yóò ní kí àwọn obìnrin kíláàsì rẹ̀ sá fún un?

Àwọn ọmọ rẹ̀ kò sá. Àwọn míṣọ́nnárì Methodist ni ó dá Ilé Ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà. Ilé ìwòsàn yẹn wà lónìí lábẹ́ Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, èyí tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Ifẹ̀ kan náà, láti ọdún 2013 ni àwọn dókítà wa ti ń bá àwọn ti Memorial Sloan Kettering ní New York ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ tí a ń pè ní ARGO. Ilé ìwòsàn New York yìí náà ni ibi tí a ti kọ nípa abẹ́rẹ́ ní ọdún 1930. Wọ́n ń fi skáànù àti abẹ́rẹ́ yẹ kókó ọmú àwọn obìnrin wa wò, wọ́n sì ti ṣètò bí wọn yóò ṣe gbé ẹ̀rọ náà tọ àwọn obìnrin lọ, pẹ̀lú ẹni tí yóò máa bá obìnrin kọ̀ọ̀kan rìn láti ìgbà àyẹ̀wò títí dé ìtọ́jú. Ẹni tí yóò bá a rìn yẹn ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn.

Nínú Ìjọ wa, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń pàdé ní kíláàsì láti bi ara wa léèrè bí ọkàn wa ti wà. Kí a tó wá síbi oúnjẹ Olúwa, a ń yẹ ara wa wò. A kì í sọ pé nítorí Ọlọ́run mọ ẹ̀ṣẹ̀ wa, kí àwa má wá a mọ́. Bí a kò bá bẹ̀rù àtiyẹ ọkàn wò, kí ló dé tí a fi ń bẹ̀rù àtiyẹ ara wò? Ẹni tí ó gbàgbọ́ pé ọwọ́ Ọlọ́run ni òun wà, òun ni ó yẹ kí ó lè gbọ́ òtítọ́ nípa ara rẹ̀ láìṣubú. A ti wá rí i báyìí pé kì í ṣe ìgbàgbọ́ wa ni ó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé ìsìn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù wa ni.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ ṣe bí ẹni pé mímọ̀ kò ní ẹrù tirẹ̀. Obìnrin kan lè sọ pé, "Bí wọ́n bá ní jẹjẹrẹ ni, níbo ni n ó ti rí owó ìtọ́jú? Kí n má kúkú mọ̀." Ọ̀rọ̀ gidi ni, ẹ má jẹ́ kí a fi ẹsẹ Bíbélì pa á lẹ́nu mọ́. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ wọ́n ní ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kókó tí a bá nígbà tí ó ṣì kéré a máa gba ìtọ́jú tí kò tó ti èyí tí ó ti rìn káàkiri ara, ìrètí rẹ̀ sì pọ̀ jù. Àìmọ̀ kò dín owó kù, ó kàn ń sún un síwájú pẹ̀lú èlé ni.

Òmíràn lè sọ pé ọkọ òun kò gbà. Ó dára kí ọkọ mọ̀, kí ó sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin ni ó ni ara tí ń ṣàìsàn. Ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹnu yín tó ọkọ, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Òmíràn tún ń bẹ̀rù ẹnu ayé. Ìyá wa Betty Anyanwu-Akeredolu, tí ọkọ wọn jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọdún 2017 títí di ọdún 2023, ní jẹjẹrẹ ọmú ní ọdún 1997, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè sọ ọ́ síta. Wọ́n sọ ọ́ síta. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti máa la àwọn obìnrin lóye. Kì í ṣe gbogbo wa ni ó ní irú ìgboyà bẹ́ẹ̀, kò sì pọn dandan. Bí arábìnrin kan bá sọ fún wa ní ìkọ̀kọ̀, kí ó wà ní ìkọ̀kọ̀. Kí a má sọ ọ́ di ẹ̀bẹ̀ àdúrà ní gbangba láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá sì gbọ́ gbogbo òtítọ́ tán, tí ó ní òun kò lọ, a kò ní fi agbára wọ́ ọ, a kò sì ní pa á tì. Ohun tí kò tọ́ sí wa ni pé kí a bá a yan àìmọ̀, kí a sì fi orúkọ Ọlọ́run bò ó.

Kí wá ni ṣíṣe? Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá rí kókó, tàbí tí awọ ọmú bá wọnú, tàbí tí orí ọmú bá ń sun ẹ̀jẹ̀, kí ó má dúró de ìrora, nítorí jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọwọ́dé àti Ifọ̀, Abẹ́òkúta kò jìnnà sí yín, Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àba. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Mowé àti Ìbàfò, ọ̀nà márosẹ̀ yóò gbé yín dé ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ ní Ṣàgámù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ẹ bi dókítà bóyá skáànù ni yóò darí abẹ́rẹ́ náà. Ẹ bi í ìgbà tí èsì yóò dé, kí ẹ sì padà lọ gbà á, nítorí àwọn kan ṣe àyẹ̀wò tán, wọn kò padà lọ gba èsì. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, a ti fohùn ṣọ̀kan lórí ohun méjì. Èkíní, arábìnrin tí ó bá ń lọ fún àyẹ̀wò kò ní dá lọ mọ́. Ẹnìkan yóò bá a lọ, yóò jókòó tì í, yóò sì tún bá a lọ gba èsì. Èkejì, a ti ya àpò kan sọ́tọ̀ fún owó àyẹ̀wò. Láti ìsinsìnyí lọ, kí a tó dá aṣọ ẹgbẹ́ fún ìsìnkú ẹnikẹ́ni, a ó kọ́kọ́ fi owó sínú àpò yìí fún àwọn tí ó ṣì wà láàyè. Àwọn kan kùn nígbà tí a kọ́kọ́ dá a lábàá, ṣùgbọ́n nígbà tí a rán wọn létí ẹni tí ó fà wá sẹ́yìn ilé ìsìn, wọ́n dákẹ́, wọ́n sì dá owó.

A ó ṣì máa gbààwẹ̀. A ó ṣì máa fi òróró yan aláìsàn, a ó sì máa kọrin lójú oorun rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi arábìnrin wa bí ó ti wà, a ó dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dé òpin, kí a tó ké Halelúyà.

Kí Ọlọ́run dárí ohun tí a ṣe láìmọ̀ jì wá. Kí ó tu ìdílé arábìnrin wa nínú. Kí ó fún gbogbo obìnrin tí ń fọwọ́ bo kókó lábẹ́ aṣọ lónìí ní ìgboyà láti sọ ọ́, kí ó sì fún àwa tí yóò sọ ọ́ fún ní ọgbọ́n láti bá a rìn. Nípasẹ̀ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.